Wákàtí Méjì ní Ẹnu Ọ̀nà Boletaria: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Bí Àwọn Onílámèyítọ́ Ṣe Gba Demon's Souls

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo kí yín. Ẹni tó pè mí wá ní kí n sọ̀rọ̀ lórí lámèyítọ́ àti géèmù, ó sì fi yíyan géèmù náà sí mi lọ́wọ́. N kò ronú pẹ́ kí n tó yàn. Demon's Souls ni, géèmù àwọn ará Japan tó jáde fún PlayStation 3 ní ọdún 2009. Ó ṣókùnkùn, ó le, ó sì bà mí nínú jẹ́ ní ibì kan tí màá mú yín dé kí n tó jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Shuhei Yoshida. Òun ni olórí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù fún Sony káàkiri àgbáyé ní àkókò náà. Owó Sony ni wọ́n fi ń ṣe Demon's Souls, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ FromSoftware ló sì ń ṣe é. Nígbà tí iṣẹ́ kù díẹ̀ kó parí, ọ̀gá mú páàdì kó lè tọ́ ọ wò. Ó gbá a fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Wákàtí méjì pé, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ náà ló ṣì dúró sí. Ó ní géèmù náà kò dára rárá, pé ìdọ̀tí ni. Sony tà á ní Japan ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2009, ṣùgbọ́n wọn kò gbé e lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Yoshida fúnra rẹ̀ ló wá ròyìn ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó sì gbà pé àwọn kò mọ iyì ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn. Ọ̀gá tó jẹ́wọ́ àṣìṣe ara rẹ̀ lójú ayé kò pọ̀.

Wákàtí méjì yẹn ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí. N kò wá láti dá Yoshida lẹ́bi. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, irú iṣẹ́ wo ni èyí tí ọjọ́gbọ́n nínú géèmù máa jókòó tì fún wákàtí méjì tí kò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀? Bí onílámèyítọ́ bá sì bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pàdé, kí ló yẹ kó ṣe?

Fún àwọn òbí wa tí wọn kì í gbá géèmù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ẹ̀yà kan wà nínú géèmù tí wọ́n ń pè ní RPG. Nínú rẹ̀, ìwọ tí o mú páàdì dání ni o máa gbé ẹ̀dá-ìtàn wọ̀ bí òṣèré ṣe ń gbé agò wọ̀. O máa rìnrìn àjò, o máa jagun, agbára rẹ á máa pọ̀ sí i. Àwọn ará Japan gbajúmọ̀ fún un. Àwọn tó ti gbá Final Fantasy tàbí Dragon Quest mọ bó ṣe máa ń rí: ìtàn gígùn, ọ̀rẹ́ tó ń bá ọ rìn, orin ayọ̀ tó ń dún bí o bá ṣẹ́gun. Ojú tí gbogbo ayé fi ń wo RPG Japan nìyẹn.

Kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí ní Boletaria. Ìlú Boletaria ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ọba wọn, Allant, fi ìwọra fún agbára jí ohun àtayébáyé kan tó ti ń sùn lábẹ́ ilẹ̀. Kùrukùru tí kò ní àwọ̀ bá bo ìlú náà, àwọn àǹjọ̀nú sì ń jáde láti inú rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀mí àwọn ènìyàn. Ìwọ náà wọ inú kùrukùru yìí. Kò tíì pẹ́ tí o kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju idà, àǹjọ̀nú ńlá kan ti dí ọ lọ́nà. Ó máa pa ọ́. Bí ọwọ́ rẹ bá tilẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ tí o pa á, géèmù náà á gbé ọ lọ síwájú díẹ̀, dírágónì kan á sì fi ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo gbẹ̀mí rẹ. Ikú ni ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe síbẹ̀. Ẹ̀yìn tí o bá kú tán ni géèmù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bí o bá pa ọ̀tá, o máa gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ̀mí wọ̀nyí ni owó tí o fi ń ra nǹkan, òun náà ni agbára tí o fi ń kún ara rẹ. Tí o bá kú, gbogbo ẹ̀mí tí o kó jọ á wà nílẹ̀ níbi tí o kú sí, níbi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ ta sí. O ní àyè kan ṣoṣo láti padà lọ kó o. Bí o bá tún kú kí o tó débẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọ̀tá tí o ti pa tẹ́lẹ̀ á tún ti jí, wọ́n á wà níbi tí o bá wọn lákọ̀ọ́kọ́. Kò sí ibi tí o ti lè dá géèmù dúró díẹ̀. Ìyá mi a máa pè mí láti ilé ìdáná, n kò sì lè jẹ́ "Mà" kí n gbé ọwọ́ kúrò, nítorí pé àwọn ọmọ ogun Boletaria kò mọ̀ pé ìyá mi ń pè. Nígbà tí iná bá lọ tó sì padà dé, géèmù náà á dá mi padà sí ìtòsí ibi tí mo wà, pẹ̀lú ìwọ̀nba okun tó kù sí mi lára. Kò gbàgbé nǹkan kan, kò sì dárí nǹkan kan jì mí.

Hidetaka Miyazaki ni olùdarí rẹ̀. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọkùnrin yìí, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí àwọn onílámèyítọ́ kò rí lákọ̀ọ́kọ́, inú ìgbésí ayé rẹ̀ ló ti wá. Ìpínlẹ̀ Shizuoka ló dàgbà sí, àwọn òbí rẹ̀ kò sì lówó. Ilé ìkàwé ló ti máa ń yá ìwé. Ó máa ń yá ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó láti lóye gbogbo rẹ̀. Ibi tí kò bá yé e, á fi ìrònú ara rẹ̀ dí àlàfo náà. Ẹ wo Demon's Souls, ẹ máa rí ọmọdé yẹn nínú rẹ̀. Géèmù náà kì í jókòó sọ ìtàn fún ọ. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ níhìn-ín, òkú kan tó jókòó sí igun yàrá lọ́hùn-ún, àkọlé kúkúrú lára idà kan. Ìwọ lo máa dí àlàfo.

Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan kó tó pinnu pé òun fẹ́ máa ṣe géèmù. Ó ti lé díẹ̀ nínú ọjọ́ orí, ilé-iṣẹ́ géèmù tó sì fẹ́ gbà á ṣọ̀wọ́n. FromSoftware gbà á, owó oṣù rẹ̀ sì wálẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ nípa iṣẹ́ kan tó ti dojú rú, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé kò lè yọrí. Ó ní kí wọ́n fi í lé òun lọ́wọ́. Ìdí tó fi fẹ́ ẹ ni pé bí òun bá bà á jẹ́, kò sẹ́ni tó máa bínú, nítorí pé ó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí náà òun lè fi ṣe ohunkóhun tó bá wu òun. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó retí nǹkan kan lára rẹ̀ ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe.

Ìwé ìròyìn Famitsu ni ìwé lámèyítọ́ géèmù tó lókìkí jù ní Japan. Ènìyàn mẹ́rin ló máa ń yẹ géèmù kan wò, oníkálukú á fún un ní máàkì láti orí 1 dé 10, wọ́n á ro ó pọ̀. 29 nínú 40 ni wọ́n fún Demon's Souls. Kì í ṣe máàkì ẹni tó fìdí rẹmi, àmọ́ ní Japan, ibi tí àwọn géèmù ńlá ti máa ń gba 35 sókè, máàkì "jókòó síbẹ̀" ni. Ọjà rẹ̀ náà rọra bẹ̀rẹ̀ ni.

N kò gbà pé àwọn mẹ́rin yẹn jẹ́ òpè. Ẹ ro irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan, géèmù rẹpẹtẹ lórí tábìlì, ọjọ́ tí ìwé gbọ́dọ̀ jáde kò ṣeé sún síwájú. Irú ipò bẹ́ẹ̀ dára fún géèmù tó ń fi gbogbo ẹwà rẹ̀ hàn ní ẹnu ọ̀nà. Géèmù tó bá fi ẹwà tirẹ̀ pa mọ́ sínú iyàrá kẹta, tó sì fi ajá ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, yóò pàdánù máàkì. Àwọn baba wa ní ìkánjú kò ṣeé fi lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń fún géèmù ní máàkì láyé ìgbà náà, ọ̀nà ìkánjú ni, ọbẹ̀ yìí sì gbóná.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà kì í ṣe ìwé ìròyìn. Ẹnu àwọn tó ń gbá a ni. Ẹnì kan sọ fún ẹnì kejì, pé "Mo kú lẹ́ẹ̀mejìlá ní ibì kan, ìgbà kẹtàlá ni mo tó mọ ohun tí mo ń ṣe, n kò sì rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí." Sony ti ṣe ẹ̀dà kan fún ọjà Éṣíà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, sídíì PlayStation 3 kò sì mọ ààlà orílẹ̀-èdè. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara wọn bèèrè fún un láti òkè òkun. Àwọn onílámèyítọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ti kọ̀wé lé e lórí nígbà tí kò tíì sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Yúróòpù tó ń tà á. Atlus gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2009, Namco Bandai sì gbé e dé Yúróòpù ní oṣù Kẹfà ọdún 2010. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló jèrè ohun tí Sony fi owó ara rẹ̀ ṣe.

Ní òpin ọdún 2009 yẹn, Uncharted 2 ni gbogbo ayé ń yìn. Géèmù ńlá ni, ó dára, Sony fúnra rẹ̀ ló sì ní in. GameSpot, ìkànnì lámèyítọ́ géèmù kan ní Amẹ́ríkà, ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ kò retí: Demon's Souls ni wọ́n mú ní géèmù ọdún náà. Lórí Metacritic, níbi tí wọ́n ti ń ro máàkì àwọn onílámèyítọ́ pọ̀, 89 nínú 100 ló dúró sí. Ẹ fi 89 yìí wé 29 nínú 40, èyí tó jẹ́ bíi 72 tàbí 73 nínú 100. Géèmù kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn tó kọ lẹ́yìn ti gbọ́ pé nǹkan wà nínú rẹ̀, nítorí náà wọ́n ní sùúrù tí àwọn ti ìṣáájú kò ní àyè fún.

Níbí ni mo fẹ́ ti sọ ohun tí lámèyítọ́ tó dára rí nínú rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe líle nìkan.

Èkíní ni pé géèmù náà kì í rẹ́ ọ jẹ. A máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wẹ̀yìn wò. Demon's Souls fẹ́ sọ ọ́ di àgbà. Gbogbo ìgbà tí mo kú, tí mo bá ronú padà, mo máa ń rí i pé àmì wà. Ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀ kí n tó yí igun yẹn. Mo gbọ́ ìró okùn ọfà. Èmi ni mo sáré. Ọ̀tá yẹn kì í yí ìwà rẹ̀ padà kó lè mú mi: bó ṣe gbé àáké sókè lánàá ló máa gbé e sókè lónìí. Bí ẹ bá ti ta ayò pẹ̀lú ọ̀ta gidi rí, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Ọ̀ta kì í yàn ọ́ jẹ. Ojú rẹ ló ti ń kó ọmọ ayò, àmọ́ ọ̀pẹ kò tíì mọ ohun tó yẹ kó máa wò.

Èkejì ni pé o kò dá wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o kò rí ẹnì kankan. Bí ẹ̀rọ rẹ bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wàá rí ọ̀rọ̀ tó ń tàn nílẹ̀, tí àwọn mìíràn tó ń gbá a níbòmíràn láyé kọ síbẹ̀: "Ṣọ́ra fún ẹ̀yìn rẹ." "Ìṣúra wà níwájú." Ọ̀rọ̀ tí géèmù ti tò sílẹ̀ ni wọ́n máa ń yàn, nítorí náà kò pọn dandan kí ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó kà á gbọ́ èdè ara wọn. Bí ẹnì kan bá yin ọ̀rọ̀ tí o kọ, okun rẹ á padà sí ọ lára níbi tí o wà, nígbà mìíràn láàárín ìjà gan-an. O tún lè fọwọ́ kan àbààwọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, kí o sì rí òjìji rẹ̀ bó ṣe ń sá, bó ṣe ń ṣubú.

Miyazaki ti ṣàlàyé ibi tí èyí ti wá. Ó ń wa ọkọ̀ gun òkè kan lọ, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójijì, àwọn ọkọ̀ tó wà níwájú sì ń yọ̀ padà sẹ́yìn. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn bá fi iwájú rẹ̀ ti èyí tó wà níwájú rẹ̀, òmíràn ti ìyẹn náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ti ara wọn gun òkè. Òun náà gun òkè ọ̀hún dé orí. Kò lè dúró dúpẹ́, nítorí pé bó bá dúró, yóò tún yọ̀ padà. Bó ṣe ń lọ ilé, ó ń ronú nípa ẹni tó gbẹ̀yìn nínú ìlà yẹn, bóyá ó rí ẹni tì í. Kò ní mọ̀ láé. Ó ní bí òun bá dúró dúpẹ́ ni, bóyá ìtàn ọ̀hún ò bá ti parí síbẹ̀, kò sì ní wà lọ́kàn òun bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí ó bá pe géèmù tí ó ti inú irú ìrònú bẹ́ẹ̀ wá ní géèmù ìkà, kò tíì wò ó délẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni òkùnkùn rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ibi tí mo ṣèlérí.

Ibì kan wà nínú géèmù náà tí mo máa ń pè ní Àfonífojì Ẹ̀gbin. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da gbogbo ohun tí ayé kò fẹ́ sí: ìdọ̀tí, òkú, àti àwọn ènìyàn tí àrùn ti bà lára jẹ́ tí ìlú ti lé jáde. Pákó jíjẹrà ni o máa rìn lórí rẹ̀, lókè ọ̀gbun tí o kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí o bá dé ìsàlẹ̀, irà ni. Irà náà ń mú ẹsẹ̀, kò jẹ́ kí o sáré, ó sì ń fi májèlé pa ọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀tá tó wà níbẹ̀ ń gbé pàǹtírí, wọ́n sì ń gbọ̀n bí wọ́n ṣe ń rìn. N kò fẹ́ràn ibẹ̀ rárá. Mo rò pé bí mo bá dé òpin rẹ̀, màá bá àǹjọ̀nú kan tó burú bí ibẹ̀ ṣe burú.

Mo dé òpin rẹ̀. Obìnrin kan ni mo bá. Ó jókòó létí odò ẹ̀jẹ̀, aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀. Astraea ni orúkọ rẹ̀. Ẹni mímọ́ ni nínú ìjọ wọn. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì yẹn láti tọ́jú àwọn tí gbogbo ayé ti kọ̀ sílẹ̀, ó gbàdúrà, Ọlọ́run rẹ̀ kò dá a lóhùn. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó gba ẹ̀mí àǹjọ̀nú kan mọ́ra kó lè fi agbára rẹ̀ mú ìrora wọn rọlẹ̀. Nítorí náà ni ó fi wà lórí àkójọ àwọn tí mo gbọ́dọ̀ pa. Kò bá mi jà. Orin tó ń dún níbẹ̀ kì í ṣe orin ogun, orin jẹ́jẹ́ ni, bí orin rẹmọ́lẹ́kún. Ó bẹ̀ mí pé kí n máa lọ, pé kò sí ohun tí mo lè kó níbẹ̀, pé ibi ìsádi àwọn aláìní ni. Jagunjagun kan ṣoṣo, Garl Vinland, ló dúró sí iwájú rẹ̀ láti dáàbò bò ó.

Mo pa Garl. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Astraea, kò gbé ọwọ́ sókè. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Géèmù náà fún mi ní èrè mi bó ṣe máa ń fún mi. Mo jókòó, páàdì wà lórí itan mi. Mo wá ronú padà sí àwọn ọ̀tá tí mo ti gé lulẹ̀ bí mo ṣe ń bọ̀, àwọn tó ń gbọ̀n yẹn. Aláìsàn ni wọ́n. Àwọn tí Astraea ń tọ́jú ni wọ́n. Géèmù kò sọ ọ̀rọ̀ kan tó dá mi lẹ́bi. Ó kàn fi mí sílẹ̀ sínú àfonífojì náà, mo sì ní láti rin ọ̀nà ara mi jáde.

Nínú àwọn lámèyítọ́ tí mo kà láyé ìgbà náà, èyí tó dárúkọ Astraea kò pọ̀. Mo lóye ìdí rẹ̀: ẹni tó ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn láàárín ọjọ́ díẹ̀ lè má tíì dé irà yẹn. Àmọ́ mo gbà pé ìdájọ́ lórí òkùnkùn géèmù yìí kò pé bí kò bá dé ibẹ̀. Òkùnkùn tó wà ní ẹnu ọ̀nà, ògiri dúdú, òkú lórí ògiri, ìyẹn ni ọ̀ṣọ́. Ti Astraea ni òkùnkùn tó ní ìtumọ̀, nítorí pé ọwọ́ ara rẹ ni o fi mú un wá.

Mo ti sọ àṣìṣe àkọ́kọ́, ti àwọn tó yára. Àṣìṣe kejì dé lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti gbà pé géèmù náà dára, òun ló sì dùn mí jù. Àwọn onílámèyítọ́ àti àwọn tó ń polówó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ líle di àsíá. Dark Souls, àbúrò rẹ̀, jáde ní ọdún 2011. Nígbà tí ẹ̀dà rẹ̀ ti kọ̀ǹpútà dé ní ọdún 2012, "Prepare to Die" ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn ni pé múra láti kú. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà di ìgbéraga: ta ló lè ṣe é, ta ni kò lè ṣe é. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá sọ pé ó nira fún òun, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ti gba géèmù tí wọ́n kọ́ lórí ìrònú ọkọ̀ tó ń ti ara wọn gun òkè, wọ́n sì fi í ṣe ọ̀pá tí wọ́n ń fi na ara wọn.

Miyazaki kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 2022, nígbà tí Elden Ring, géèmù rẹ̀ mìíràn, jáde, ó sọ pé òun fúnra òun kò mọ géèmù gbá tó bẹ́ẹ̀, pé òun máa ń kú gan-an. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí ohun tó wà nínú géèmù òun bá pọ̀ jù fún, ó sì ní ohun tí òun fẹ́ ni kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tọ́ ayọ̀ tó wà nínú bíborí ìṣòro wò. Ayọ̀ ni ọkùnrin yẹn ń wá.

Ẹjọ́ kan ṣì wà tí n kò lè dá, mo sì fẹ́ gbé e kalẹ̀ bó ṣe rí. Nígbà tí Sekiro, géèmù mìíràn láti ọ̀dọ̀ FromSoftware, jáde ní ọdún 2019, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n fi ọ̀nà tó rọrùn sínú irú géèmù bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ní àìlera ọwọ́ tàbí ojú wà nínú àwọn tó ń béèrè, ohùn wọn sì yẹ kí a gbọ́. Bí ìka ẹnì kan kò bá lè yára, mélòó ni ó máa kú kó tó dé ọ̀dọ̀ Astraea? Ṣé kò yẹ kó dé ibẹ̀? Èmi rò pé ó yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni mo mọ̀ pé bí mo bá ti gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, bí kò bá jẹ́ pé irà yẹn ti gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi tí mo sì ti kórìíra gbogbo ohun tó ń mí níbẹ̀, ẹ̀dùn tí mo rí nígbẹ̀yìn kò ní jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìkórìíra yẹn wà lára ohun tí géèmù fẹ́ fi hàn mí. Mo di ọ̀rọ̀ méjèèjì mú, mi ò sì tíì rí bí mo ṣe lè fi ọ̀kan sílẹ̀. Onílámèyítọ́ tó bá sọ pé ẹjọ́ yìí rọrùn, láti apá yòówù kó ti wá, n kì í gbà á gbọ́.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2018, wọ́n pa sáfà Demon's Souls ti àkọ́kọ́, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń so àwọn tó ń gbá a pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Bluepoint tún un ṣe pátápátá fún PlayStation 5. Sony ló gbé e jáde fúnra rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ní gbogbo àgbáyé, ní ọjọ́ gan-an tí ẹ̀rọ tuntun náà bọ́ sọ́jà. 92 nínú 100 ni Metacritic fún un. Iṣẹ́ tí ọ̀gá ti pè ní ìdọ̀tí ló wá di ohun tí wọ́n fi ń fa oníbàárà wọ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn onílámèyítọ́ kan ṣàròyé pé wọ́n yí orin padà, pé ó ti ń ké tantan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé wọ́n yí ojú àwọn ọ̀tá kan padà. Mo wà pẹ̀lú wọn lórí ti orin. Bí ohun èèlò ṣe kéré nínú ti àkọ́kọ́ ló mú kí ibẹ̀ dà bí ilé tí ènìyàn ti kó jáde nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé àwọn ènìyàn lè jókòó jiyàn báyìí lórí fèrè inú géèmù tí wọ́n ti sọ pé kò yẹ kó kọjá òkun, inú mi dùn sí i.

Lẹ́yìn tí wọ́n pa sáfà yẹn, mo fi sídíì mi àtijọ́ sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Àfonífojì Ẹ̀gbin. Pákó wà níbẹ̀, irà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ló mọ́ fónífóní. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn tí n kò mọ̀ rí kọ sílẹ̀ fún mi, "ṣọ́ra," "yà sọ́tùn-ún," "má sáré," kò sí ọ̀kankan mọ́. Ibì kan wà lórí pákó náà tí ẹnì kan ti kọ "ṣọ́ra" sí nígbà àkọ́kọ́, níbi tí ènìyàn ti lè ré bọ́. Mo dúró níbẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà mi lọ́ra, nítorí pé mo ṣì rántí ohun tó sọ.